Ta ló ni ẹ́ńjìnì inú Massey Ferguson? Ìbéèrè lórí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi rírà ilé iṣẹ́ mìíràn dàgbà

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀, Òmù-Àrán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Akọ̀wé ni mí fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ní ẹ̀bá Òmù-Àrán, a sì ní ẹ̀rọ katakata Massey Ferguson 375 kan tí a rà ní tòkunbọ̀. Nígbà tí òjò ọdún yìí fìdí múlẹ̀, tí oníkálukú ti ń forúkọ sílẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun túlẹ̀ àgbàdo, páǹpù tó ń ti dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹ̀rọ náà sì ń kú sí àárín oko. A tú páǹpù náà, a gbé e wá sí Ìlọrin. Ní ilé ìtajà àkọ́kọ́ tí a yà sí, níbi tí wọ́n kọ Massey Ferguson gàdàgbà sára ògiri, ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wò ó, ó ní ẹ́ńjìnì inú katakata yẹn kì í ṣe tàwọn, pé Perkins ni, kí á lọ bá àwọn Caterpillar. A dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pátì Caterpillar, wọ́n ní lóòótọ́ ni Perkins wà lábẹ́ Caterpillar, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ti Perkins yàtọ̀ sí àwọn, àti pé páǹpù tí a gbé dání gan-an, Perkins kọ́ ló ṣe é. Odidi ọjọ́ kan ṣòfò báyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé ìtọ́ni tó bá katakata náà wá wà lọ́wọ́ mi, Massey Ferguson àti Perkins jọ wà nínú rẹ̀ bí ọmọ ìyá kan náà.

Ìrìn àjò yẹn ló bí ìbéèrè méjì tí mo gbé wá. Èkíní ni pé, báwo ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe di ti olówó mẹ́ta? Èkejì ni pé, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Ìlọrin sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ AGCO ló ni Massey Ferguson báyìí, àti pé 1990 ni wọ́n dá AGCO sílẹ̀, nígbà tí Daniel Massey ti ń ṣe ohun èlò oko ní Kánádà láti 1847. Báwo ni ọmọ tí a bí ní 1990 ṣe wá di baba fún ẹni tí a bí ní 1847? Ṣé ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ra ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn ń dàgbà ni, àbí ńṣe ló kàn ń wú?

Mẹ́káníìkì Dísẹ̀lì, Ìpàta

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnì Perkins, ohun tó ṣe yín yìí kì í sì í ṣe tuntun létí mi. Ẹni tó dá yín padà kò purọ́, ó kàn kéde òtítọ́ lábọ̀ ni.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ mú àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀, kí ẹ nu ara ẹ̀rọ yẹn dáadáa. Ibi mẹ́ta ni ẹ ó ti rí àkọlé. Èkíní wà lára katakata fúnra rẹ̀, ti Massey Ferguson nìyẹn. Èkejì ni nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì, ti Perkins. Èkẹta jẹ́ àwo irin pẹlẹbẹ kan báyìí tí kò ju ìka méjì lọ, ara páǹpù ni wọ́n kàn án mọ́, ẹ ó rí CAV tàbí Lucas lójú rẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe páǹpù nìyẹn. Ìdílé mẹ́ta ni wọ́n, ẹ́ńjìnì sì ti bá èkíní àti èkẹta gbé nínú ilé kan náà rí, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìtàn náà gùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú. Massey àti Harris ni orogún méjì tó ń bá ara wọn díje ní Kánádà, wọ́n sì para pọ̀ ní 1891. Ní 1953, wọ́n gba ilé iṣẹ́ Harry Ferguson mọ́ra, ọmọ Ireland tó gbé ètò apá mẹ́ta jáde, èyí tí a fi ń kọ́ plọ́ọ̀ sí ẹ̀yìn katakata títí di òní olónìí. Nígbà tó di 1958, orúkọ náà di Massey Ferguson. Láti ìgbà díẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ti ń ra ẹ́ńjìnì lọ́dọ̀ Perkins ti ìlú Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ tí Frank Perkins dá sílẹ̀ ní 1932. Ní 1959, ẹni tó ń ra iyán lójoojúmọ́ ra oníyán pẹ̀lú odó àti ọmọ odó rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi rí orúkọ méjèèjì nínú ìwé yín. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnì tí wọ́n gbé sínú 375 ni wọ́n ń pè ní A4.248. 4 ni iye sìlíńdà, 248 sì ni ìwọ̀n àyè tí písítọ́ọ̀nù ń gbá nínú wọn ní ìṣirò íǹṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó tó nǹkan bíi lítà mẹ́rin.

Ìyapa dé nígbà tí gbèsè wọ ilé. Massey Ferguson jẹ gbèsè tó pọ̀ gan-an, wọ́n tún ilé náà tò, wọ́n sì yí orúkọ ilé iṣẹ́ tó jẹ́ òbí rẹ̀ padà sí Varity ní 1986. Ní 1994, Varity ta apá katakata fún AGCO, ṣùgbọ́n ó fi Perkins pamọ́ sọ́wọ́. Ní 1996, Varity para pọ̀ mọ́ Lucas, láti 1926 ni àwọn Lucas yìí sì ti ni CAV, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páǹpù. Ẹ wò ó o: fún ọdún méjì péré, ẹ́ńjìnì àti páǹpù di ọmọ baba kan náà, nígbà tí katakata tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀ ti bọ́ sí ilé ẹlòmíràn. Ní 1998, wọ́n ta Perkins fún Caterpillar ní bílíọ̀nù 1.325 dọ́là. Ní 1999, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ TRW ra LucasVarity, ìyẹn àpapọ̀ Lucas àti Varity. Ní 2000, ó ta apá dísẹ̀lì rẹ̀ fún Delphi. Ní 2020, BorgWarner ra Delphi Technologies, nígbà tó sì di 2023, ó ya apá tó ń ṣe páǹpù àti ìǹjẹ́kítọ̀ (èyí tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú sìlíńdà) sọ́tọ̀, ó sọ ọ́ ní PHINIA. Páǹpù tí ẹ gbé dání yẹn ti yí ọwọ́ ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà ní Ìlọrin lọ.

Ẹ bi mí pé kí ni Caterpillar ń wá nínú ilé Perkins. Ẹ́ńjìnì ńláńlá ni Caterpillar mọ̀ ọ́n ṣe, èyí tó ń wa àpáta àti èyí tó ń ti ọkọ̀ ojú omi. Perkins ló mọ kékeré àti àárín. Ní 1999, Caterpillar tún ra FG Wilson, àwọn ará Àríwá Ireland tó ń to jẹnẹrétọ̀, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnì Perkins ni wọ́n ń gbé sínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ojú tèmi o, ohun tí wọ́n rà tó níye lórí jù kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó wà ní Peterborough. Àwa ni wọ́n rà. Gbogbo ẹ́ńjìnì tí Perkins ti tà káàkiri ayé kí Caterpillar tó dé, tó wà ní oko, ní báńkì, ní ẹ̀yìn ilé ìtura, ni yóò máa béèrè fílítà, gásíkẹ́ẹ̀tì, ríìngì àti bẹ́ríǹgì fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún sí i. Ẹni tó ra Perkins kò tíì rọ ẹ́ńjìnì tuntun kan tó ti ní oníbàárà ní Ìpàta.

Olùkọ́ Ẹ̀rọ Oko, Ìdòfìàn

Ẹ̀gbọ́n mẹ́káníìkì, ẹ ṣeun gan-an. Èmi ń gbé ní Ìdòfìàn níbí, níbi tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún lílo ẹ̀rọ lóko wà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí katakata oríṣiríṣi. Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ọ̀rọ̀ ọmọ 1990.

AGCO kì í ṣe ọmọ tí a bí láti inú òfìfo. Ilé iṣẹ́ Jámánì kan tó ń jẹ́ KHD ló ra iṣẹ́ katakata Allis-Chalmers ti Amẹ́ríkà, ó sì pè é ní Deutz-Allis. Nígbà tí ọjà náà kò lọ bó ṣe fẹ́, àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó o ní Amẹ́ríkà ra ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1990. Orúkọ Allis àti ti ẹ̀rọ ìkórè Gleaner ni wọ́n so pọ̀ tí ó fi di AGCO. Ọmọ tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ àgbà ló gbé wọ̀ láti ọjọ́ ìkómọjáde.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn wọn ni bí wọ́n ṣe gba Massey Ferguson, nítorí pé ó ti ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa oníbàárà lẹ́yìn. Wọn kò ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1993, ẹ̀tọ́ láti máa ta Massey Ferguson ní Àríwá Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ìyẹn ni pé àwọn alágbàtà ni wọ́n lọ mú kí wọ́n tó mú ilé iṣẹ́. Ọdún kejì ni wọ́n wá ra ti gbogbo ayé ní mílíọ̀nù 310 dọ́là, wọ́n sì fi ìpín ìdókòwò díẹ̀ lé e. Alágbàtà tó ti ń ta Allis tẹ́lẹ̀ wá láǹfààní láti fi Massey kún un nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan náà. Ẹ fi wé obìnrin tó ń ta elùbọ́ ní Ọjà Ọba, tó wá fi gàrí àti ẹ̀wà kún un: owó ṣọ́ọ̀bù tó ń san kò yí padà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra Fendt ti Jámánì ní 1997 àti Valtra ti Finland ní 2004. Ti Valtra yìí ló kan akọ̀wé gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnì Sisu bá a wá. Láti ìgbà náà ni AGCO ti ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀, wọ́n sì ti ń gbé e sínú púpọ̀ nínú Massey Ferguson tuntun. Nítorí náà, tí ẹgbẹ́ yín bá ra òmíràn lọ́la, ẹ má rò pé Perkins ni yóò wà nínú rẹ̀ dandan. Àwọn 375 mìíràn sì wà tí wọ́n ṣe ní Lahore ní Pakistan lábẹ́ àṣẹ, tó dà bíi tiyín láti òkèèrè. Kí á má máa ra pátì tẹ̀lé orúkọ tó wà lára bónẹ́ẹ̀tì.

Ní ti pé ṣé ó ń dàgbà ni àbí ó ń wú, àwọn tí a ń pè ní gidi náà rà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé plọ́ọ̀ ni John Deere jẹ́ títí di 1918 tó fi ra ilé iṣẹ́ kan ní Waterloo, ibẹ̀ ló sì gbà wọ iṣẹ́ katakata ní pẹrẹu.

Oníṣirò Owó, Tanke

Mo kí gbogbo ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo ń ṣe, n kò mọ ìǹjẹ́kítọ̀ yàtọ̀ sí ṣíbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wíwú tí bàbá akọ̀wé sọ yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé wíwú wà, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ń jèrè mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ́dún, olówó rẹ̀ sì ti dàgbà, ó fẹ́ sinmi, ó tà á ní ìlọ́po márùn-ún èrè náà, ìyẹn àádọ́ta mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ ńlá tó rà á wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìlọ́po méjìlá èrè díwọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn bá wọ inú ìwé ilé iṣẹ́ ńlá, ó ti di ọgọ́fà mílíọ̀nù lójú ọjà. Àádọ́rin mílíọ̀nù ti jáde, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì yí bóòtì kan. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rà, tí wọ́n ń rà, tí wọn kò sì lè dúró, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n bá dúró ni ọjà yóò béèrè pé èwo ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú rẹ̀. Tí gbèsè bá wà nídìí rẹ̀, tí owó èlé sì gbéra, ilé á dà rú.

Ìdàgbà tòótọ́ náà wà. Tí ilé iṣẹ́ méjì bá ń lo sítọ́ọ̀ kan dípò méjì, tí wọ́n ń ra irin pọ̀ kí ó lè dínwó, tí ẹ̀rọ ẹnì kan sì ń rí ọ̀nà dé ìlú tí alágbàtà ẹnì kejì wà, èrè gidi nìyẹn. Ohun tí èmi máa ń wò ni pé kí wọ́n yọ tita àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kúrò nínú ìwé, kí a wá rí bóyá èyí tí wọ́n ti ní láti èṣí ń gòkè. Ibẹ̀ ni a ti máa ń mọ̀.

Caterpillar tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ kò bọ́ nínú rẹ̀. Perkins ṣe é láǹfààní, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ní 2011 ó ra Bucyrus, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń wa kùsà, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.8 dọ́là, lásìkò tí owó ohun àlùmọ́nì ga lọ bí ìràwọ̀. Kò pẹ́ tí owó náà fi já wálẹ̀, àwọn tó ń wa kùsà sì káwọ́ kò. Tita Caterpillar tó tó bílíọ̀nù 65.9 dọ́là ní 2012 ti wálẹ̀ sí 38.5 ní 2016. Bucyrus nìkan kọ́ ló fà á, àwọn ọjà rẹ̀ mìíràn náà rọ̀, àmọ́ wọ́n ti san owó ìgbà ọ̀pọ̀ fún ohun tó wá bá ìgbà ọ̀dá.

Èyí tó tún kó ìtìjú bá wọn ni ti Siwei, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kùsà kan ní ìlú Zhengzhou ní China, tí wọ́n rà ní àárín 2012. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, wọ́n wọ sítọ́ọ̀, wọ́n fi ojú àti ọwọ́ ka ẹrù tó wà nílẹ̀, iye tó wà nílẹ̀ kò sì bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Ní oṣù kìíní 2013, wọ́n kéde pé mílíọ̀nù 580 dọ́là nínú owó náà ti wọ omi. Kò sí ìyá oníṣòwò kan ní Ìlọrin yìí tó máa gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ ka àpò ìrẹsì tó wà nínú rẹ̀.

Àlájà Onílọta, Ọjà Ọba

Àsàlámù àléékúmù. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ẹ̀rọ ìlọta méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ Lister tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi, èyí tó ní àgbá ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń dún tó, tó, tó, tí ẹ lè máa ka ìró rẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti Íńdíà, ó sì jọ ọ́ bí ìbejì. Wọ́n sọ fún mi pé ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Lister ti bẹ̀rẹ̀ ní 1867, pé Hawker Siddeley rà á ní 1965, pé wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ Petter ní 1986. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n pa irú ẹ́ńjìnì tèmi yìí tì. Àwọn ará Rajkot ní Íńdíà tí wọn kò ra orúkọ, tí wọn kò ra ilé iṣẹ́, ni wọ́n ń ṣe àwòkọ rẹ̀ títí, tí mo fi ń rí ríìngì, nọ́súlù tó ń fọ́n dísẹ̀lì àti bẹ́ríǹgì rà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mẹ́káníìkì ní àwa tí a ní ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ni wọ́n ń rà. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ra Lister ra èmi náà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì gbé mi jù sílẹ̀. Ẹni tó ra orúkọ lè pinnu pé òun kò ṣe irú èyí mọ́, ata mi kò sì ní dúró dè é.

Mẹ́káníìkì Dísẹ̀lì, Ìpàta

Àlájà, mo gba ti Lister fún yín, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ́ńjìnì tó ń yí 650 ní ìṣẹ́jú kan máa ń forí ji àwòkọ, ẹ lè fi fáìlì rẹ́ nǹkan díẹ̀ kí ó sì ṣiṣẹ́. Páǹpù CAV kì í forí jì. Irin inú rẹ̀ fẹnu kora tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kan kò lè wọ àárín wọn, ayédèrú tí ọ̀pọ̀ ń gbé wá kì í lò ju ìgbà òjò kan lọ. Akọ̀wé, tí ẹ bá rí nọ́ńbà ara àwo kékeré yẹn, ẹ fi bá oníṣẹ́ páǹpù sọ̀rọ̀, ẹ má dárúkọ katakata fún un rárá. Kí ẹ sì wo inú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì bóyá ẹ ó rí lẹ́tà U: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ló ń sọ ọdún.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀, Òmù-Àrán

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, títí kan Àlájà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. A fi kẹrosíìnì nu ẹ̀rọ náà ní àárọ̀ Sátidé. U wà nínú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, ọdún tí a kà jáde níbẹ̀ sì ṣáájú 1994, ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n to katakata yìí, Varity ló ni òun àti ẹ́ńjìnì inú rẹ̀ papọ̀. CAV ni wọ́n kọ sára páǹpù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ọmọ kékeré kan ló bá wa kà á. Oníṣẹ́ páǹpù tí a gbé e lọ bá kò béèrè pé irú katakata wo ni, nọ́ńbà yẹn nìkan ló wò, ó sì sọ fún wa pé àwọn rọ́bà inú rẹ̀ ló ti le, kò nílò páǹpù tuntun. Ó pààrọ̀ wọn, ó díwọ̀n rẹ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, a sì ti túlẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin láti ìgbà náà.

Mo ti kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, mo sì fi ọ̀dà funfun kọ wọ́n sí abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Alága wa béèrè pé kí ló dé tí n kò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ ná.